Hẹmofílíà B

Hẹmofílíà B, tí wọ́n tún ń pè ní àrùn Christmas, jẹ́ àìsàn àbímọ́ni tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì bó ṣe yẹ. Èròjà kan tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe sínú ẹ̀jẹ̀, tí àwọn dókítà ń pè ní Factor IX, ni kò tó tàbí tí kò ṣiṣẹ́. Nínú nǹkan bíi 25,000 sí 30,000 ọmọkùnrin tí a bá bí, ẹyọ kan ló máa ń ní in.

Ọgbẹ́ ojú ara kọ́ ló léwu jù. Inú ara ni ìjàmbá wà: ẹ̀jẹ̀ a máa ya sínú orúnkún, ìgbọ̀nwọ́ àti ọrùn ẹsẹ̀, ibẹ̀ á wú, á gbóná, á sì máa ro ẹni náà gan-an. Bó bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra, oríkèé náà á bàjẹ́. Èyí tó bá ya sínú ọpọlọ lè pani. Ẹni tí Factor IX rẹ̀ kò tó 1% iye tó yẹ lè máa ṣẹ̀jẹ̀ láìfara gbá nǹkan kan. Ẹni tí tirẹ̀ ju 5% lọ lè dàgbà láìmọ̀, títí wọ́n á fi yọ eyín rẹ̀ tàbí ṣe iṣẹ́ abẹ fún un.

Lọ́dọ̀ Yorùbá, ìgbà ìkọlà ni àìsàn yìí lè kọ́kọ́ fojú hàn. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá dá lẹ́yìn ìkọlà gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn kíákíá. Bí ẹnì kan bá sì ní in nínú ẹbí ìyá, ó yẹ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò kí ọ̀bẹ olóòlà tó kàn án.

Orí kúrómósómù X, ọ̀kan lára àwọn okùn tíntìntín inú ara tó ń gbé àbùdá láti ọ̀dọ̀ òbí dé ọ̀dọ̀ ọmọ, ni jíìnì (ìtọ́ni tí ara fi ń ṣe Factor IX) tó bàjẹ́ wà. X kan ṣoṣo ni ọkùnrin ní, ọ̀dọ̀ ìyá ló sì ti gbà á. Ìyá tí ara rẹ̀ le koko lè gbé jíìnì yìí kiri. Bó bá bí ọmọkùnrin, ìdajì sí ìdajì ni, ó lè bá ọmọ, ó sì lè yẹ̀ ẹ́. Bàbá tó ní in kò lè fi ran ọmọkùnrin rẹ̀, àmọ́ gbogbo ọmọbìnrin rẹ̀ ni yóò gbé e. Síbẹ̀, ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn aláìsàn, kò sẹ́ni tó ti ní in rí nínú ẹbí: jíìnì náà ló ṣàdédé yí padà. Kò tọ́ rárá kí wọ́n di ẹ̀bi ru ìyá.

Ní 1947, dókítà kan tó ń jẹ́ Pavlovsky ní Buenos Aires, lórílẹ̀-èdè Argentina, da ẹ̀jẹ̀ aláìsàn hẹmofílíà méjì pọ̀, ó sì rí i pé ó dì. Ní 1952, Rosemary Biggs àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford fi hàn pé àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni hẹmofílíà, èyí tí à ń pè ní A àti B lónìí, wọ́n sì fi orúkọ ọmọdé kan tí wọ́n yẹ̀ wò, Stephen Christmas, pe èkejì. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí i lára ló kó kòkòrò HIV ràn án. Ó kú ní 1993. Àyẹ̀wò egungun tí wọ́n gbé jáde ní 2009 fi hàn pé hẹmofílíà B yìí ló ń ṣe Alexei, àrẹ̀mọ ọba Rọ́ṣíà, tí ìyá ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ọbabìnrin Victoria.

Factor IX ni wọ́n ń fa sínú iṣan aláìsàn. Factor VIII, tó jẹ́ ti hẹmofílíà A, kò lè wò ó, ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò fi gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ní oṣù kọkànlá 2022, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Hemgenix, ìtọ́jú tó ń gbé jíìnì tó péye wọ ẹ̀dọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń gbà á. Aláìsàn kò gbọdọ̀ lo aspirin tàbí ibuprofen láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà, kò sì yẹ kí wọ́n máa gún un lábẹ́rẹ́ sínú ẹran ara.