Owó àkàndá ẹ̀dá àti owó àìlèṣiṣẹ́ ní UK: bí PIP ṣe yàtọ̀ sí ESA

Ní England àti Wales, owó méjì ló wà tí ìjọba ń san fún ẹni tí ara ẹ̀ ò dá, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń rò pé ìkan náà ni wọ́n. Ọ̀kan ni Personal Independence Payment, tí gbogbo èèyàn ń pè ní PIP, owó ìrànwọ́ àkàndá ẹ̀dá nìyẹn. Ìkejì ni owó ẹni tí àìsàn ò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́, ó lè jẹ́ Employment and Support Allowance, ìyẹn ESA, ó sì lè jẹ́ owó àìlera tí wọ́n ń fi kún Universal Credit, ìyẹn owó ìrànwọ́ fún àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn ò tó. Iléeṣẹ́ ìjọba kan náà, DWP, ló ń san gbogbo ẹ̀, pọ́ìntì náà ni wọ́n sì fi ń díwọ̀n méjèèjì, àmọ́ PIP ń béèrè bí èèyàn ṣe ń gbé ìgbé ayé ẹ̀ lójoojúmọ́, ESA ní tiẹ̀ ń béèrè bóyá ó lè ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni gbogbo ìyàtọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 2013 ni PIP dé, òun ló gbapò Disability Living Allowance, owó àkàndá ẹ̀dá tó wà tẹ́lẹ̀, fún àwọn tó ti tó ọmọ ọdún 16 tí wọn ò tíì dé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì. Kò kàn án bóyá èèyàn níṣẹ́ lọ́wọ́ tàbí iye tó wà ní báńkì, lọ́yà tó ń gba owó oṣù gidi lè gbà á, wọn kì í sì yọ owó orí nínú ẹ̀. Ohun 10 tí èèyàn ń ṣe lójúmọ́ ni wọ́n ń wò, bíi oúnjẹ sísè, ìwẹ̀, aṣọ wíwọ̀, ọ̀rọ̀ sísọ, owó níná, àti méjì míì lórí ìrìn. Bí ìṣòro bá ṣe le tó ni pọ́ìntì ń pọ̀ tó, pọ́ìntì 8 ló ń mú owó kékeré wá, 12 ló ń mú èyí tó pọ̀. Ohun tí kò yé ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé kéèyàn ṣáà lè ṣe nǹkan náà ò tó, ó gbọ́dọ̀ lè ṣe é láìséwu, kó ṣe é dáadáa, kó lè tún un ṣe bó bá ṣe yẹ, kó má sì fi ju ìlọ́po méjì àkókò tí ẹni tára ẹ̀ le máa fi ṣe é. Ẹni tó bá lè se ọbẹ̀ àmọ́ tó ń fi iná jó ara ẹ̀ nígbà gbogbo, lójú òfin kò lè sè é nìyẹn. Ìṣòro náà sì gbọ́dọ̀ ti wà fún oṣù 3, kó tún ṣeé ṣe kó wà fún oṣù 9 sí i, torí ẹ̀ lẹni tó kán lẹ́sẹ̀ tó máa jinná láàárín oṣù mélòó kan ò fi ní rí i gbà, bó ti wù kí ìrora ẹ̀ pọ̀ tó.

ESA bẹ̀rẹ̀ ní October 2008. Àyẹ̀wò tiẹ̀, tí wọ́n ń lò fún owó àìlera Universal Credit náà, ni Work Capability Assessment, ìyẹn àyẹ̀wò bóyá èèyàn lè ṣiṣẹ́, ohun 17 ló wà níbẹ̀, pọ́ìntì 15 ni wọ́n ń wá, kò sì sí òfin oṣù 9 kankan. Ẹni tó fẹ́ gba ESA tuntun, tí wọ́n ń pè ní New Style ESA, gbọ́dọ̀ ti san National Insurance, ìyẹn owó tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù fún ìjọba, tó tó láàárín ọdún 2 sí 3 sẹ́yìn, ti Universal Credit sì ń wo owó ilé, ẹni tó bá ti ní ju £16,000 lọ ní ìpamọ́ ò ní gbà á.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ rírìn ló jẹ́ kó hàn jù. Nínú PIP, kéèyàn dìde dúró kó sì fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn ni wọ́n ń pè ní ìrìn, ẹni tí kò lè rìn kọjá mítà 20 máa gba pọ́ìntì 12 lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú àyẹ̀wò iṣẹ́, wọ́n máa béèrè bóyá ó lè lọ ju mítà 50 lọ, yálà ó fẹsẹ̀ rìn tàbí ó fọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara, kódà bí kò bá tiẹ̀ ní kẹ̀kẹ́ náà, tí wọ́n bá ti rí i pé ó bọ́gbọ́n mu kó lò ó, wọ́n á kà á mọ́ ọn. Akáúǹtáǹtì tó ń lo kẹ̀kẹ́ lè gba PIP tó pọ̀ jù, kó máa lọ síbi iṣẹ́, kó má sì rí kọ́bọ̀ gbà lórí àìlèṣiṣẹ́. Ẹni tó ń gba ìtọ́jú chemotherapy, ìyẹn oògùn jẹjẹrẹ, sì lè wọ inú àwọn tí wọ́n gbà pé wọn ò lè ṣiṣẹ́ rárá láìka pọ́ìntì, kí PIP sọ fún un pé oṣù ẹ̀ ò tíì pé.

Ọ̀rọ̀ físà náà wà níbẹ̀, èyí sì kan ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó lọ ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n kọ «no recourse to public funds» sórí físà ẹ̀, ìyẹn ni pé kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìrànwọ́ ìjọba, ò gbọ́dọ̀ béèrè PIP tàbí Universal Credit, ó lè kó bá ìwé ìgbélùú ẹ̀, àmọ́ ESA tuntun tí èèyàn fi National Insurance ẹ̀ ra ò sí nínú public funds.

Ní March 2025, ìjọba gbé àbá kalẹ̀ pé àwọn máa pa Work Capability Assessment rẹ́, kó jẹ́ PIP nìkan làwọn á máa fi díwọ̀n owó àìlera Universal Credit. Àbá yìí ló ń ba àwọn tí àìsàn wọn le àmọ́ tí kò ní pẹ́ lẹ́rù jù, torí àyẹ̀wò iṣẹ́ yẹn nìkan ló ń rí wọn.

Ìpinnu méjèèjì dá dúró, wọ́n lè gba ẹnì kan wọlé níbìkan kí wọ́n lé e níbìkejì. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́ níbì kan, ó ní oṣù kan láti ní kí wọ́n tún un wò, kó tó lọ sí Tribunal, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé dókítà tó kàn sọ pé «kò lè ṣiṣẹ́» ò fi bẹ́ẹ̀ ràn án lọ́wọ́ nínú PIP, ohun tí wọ́n fẹ́ kà níbẹ̀ ni ẹni tó ń bá a wẹ̀, ẹ̀ẹ̀melòó ló ń ṣubú lọ́sẹ̀, àti bó ṣe máa ń rí lára ẹ̀ lọ́jọ́ kejì tó bá rìn jìnnà.