Ìgbà Tí Àhesọ Kárà-kátà Wọ Bọ́ọ̀lù Àwọn Obìnrin

Nígbà tí Lily Parr pààrọ̀ ẹgbẹ́ lọ́dún 1920, kò sí olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù kankan tó tìtorí ẹ̀ ṣàìsùn. Ọmọbìnrin tí kò tí ì pé ọdún 16 ni, ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin St Helens ní England. Dick, Kerr Ladies ti ìlú Preston rí i, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wù wọ́n, wọ́n ní kó máa bọ̀. Owó kárà-kátà, ìyẹn owó tí ẹgbẹ́ kan ń san fún òmíràn kó tó gba agbábọ́ọ̀lù rẹ̀, ńkọ́? Kò sí. Iṣẹ́ ni wọ́n fún un nínú ilé-iṣẹ́ Dick, Kerr, wọ́n bá a wá ibi tí yóò máa gbé, ṣílè mẹ́wàá sì ni owó ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó ti dé kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Mo tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nítorí pé àwọn kan máa ń sọ pé àìsí òǹwòran ni kò jẹ́ kí àhesọ nípa ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ ẹgbẹ́ tètè wọ bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 1920 yẹn kan náà, èrò 53,000 ló kún Goodison Park ní Liverpool láti wo Dick, Kerr Ladies àti St Helens. Èrò wà, ìràwọ̀ wà. Ọjà ni kò sí. Kí àhesọ tó rí ẹsẹ̀ rìn, àdéhùn kan ní láti wà tí yóò tán lọ́jọ́ kan, owó ní láti wà tí ẹgbẹ́ lè gbà tàbí kó kọ̀, ilẹ̀kùn náà ní láti wà tí wọ́n ń ṣí tí wọ́n sì ń tì, ìyẹn àsìkò tí òfin gbà kí ẹgbẹ́ ra agbábọ́ọ̀lù. Lily Parr kò ní ọ̀kankan nínú wọn. Nígbà tó sì di ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 1921, FA, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ní England, pàṣẹ pé kí ẹgbẹ́ kankan tó wà lábẹ́ àwọn má ṣe yá àwọn obìnrin ní pápá mọ́. Nǹkan bí àádọ́ta ọdún ni àṣẹ yẹn fi múlẹ̀. Ẹni tí wọ́n lé kúrò lórí pápá, ta ni yóò máa béèrè pé ẹgbẹ́ wo ló kù tó ń lọ?

Ní Ítálì ni nǹkan ti kọ́kọ́ fẹ́ jọ ọjà. Lẹ́yìn ọdún 1970, àwọn ẹgbẹ́ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó obìnrin wọlé láti òkèèrè. Sue Lopez kúrò ní Southampton lọ sí Roma lọ́dún 1971, Rose Reilly ọmọ Scotland sì gba Reims ní Faransé kọjá sí AC Milan. Reilly pẹ́ níbẹ̀ débi pé ó gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè Ítálì gan-an. Bẹ́ẹ̀ náà ni, ìròyìn ṣì máa ń dé lẹ́yìn tí agbábọ́ọ̀lù ti dé.

Owó ńlá àkọ́kọ́ tó dé, ẹ̀gàn ló bá wọlé. Lọ́dún 2002, Rayo Vallecano ní Sípéènì ra Milene Domingues, ọmọ Bràsíl. Wọ́n ròyìn pé owó náà lé ní 200,000 pọ́ùn, kò sì tí ì sí obìnrin tí wọ́n san irú rẹ̀ lé lórí. Ṣùgbọ́n ìyàwó Ronaldo ti Bràsíl ni Domingues nígbà náà, ọdún yẹn gan-an sì ni Ronaldo dé Real Madrid. Kíá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti dájọ́: wọ́n ní orúkọ ọkọ ni wọ́n rà. Èyí tó wá burú jù ni pé òfin líìgì àwọn obìnrin Sípéènì kò gba àjèjì láyè nígbà yẹn, tó fi jẹ́ pé obìnrin tó wọ́n jù lágbàáyé kò lè bá ẹgbẹ́ tó rà á gbá bọ́ọ̀lù líìgì. Ọdún 18 kọjá kí ẹnikẹ́ni tó san ju iye yẹn lọ. Lójú tèmi, ara ohun tó jẹ́ kí àwọn olólùfẹ́ pẹ́ kí wọ́n tó ka iye owó sí nìyẹn: èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ bá bọ́ọ̀lù tan.

Amẹ́ríkà ló kọ́ wọn ní àìsùn. Nígbà tí NWSL, líìgì àwọn obìnrin ibẹ̀, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2013, òfin rẹ̀ gba ẹgbẹ́ láyè láti fi agbábọ́ọ̀lù kan ṣe pàṣípààrọ̀ òmíràn láìbi í. Ó lè sùn ní ìlú kan, kó jí kí wọ́n sọ fún un pé ìlú mìíràn ló kù. Alátìlẹyìn tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìràwọ̀ òun ń lọ ní láti ka òfin líìgì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì di lọ́yà tí kò lọ ilé-ẹ̀kọ́ òfin.

Ọjọ́ 18 oṣù Kìíní ọdún 2018 ni gbogbo rẹ̀ dójú ẹ̀. Ẹgbẹ́ mẹ́ta fi àwọn ìràwọ̀ ta ayò. Sam Kerr, ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù 17 sáwọ̀n ní sáà tó ṣáájú, kúrò ní ẹgbẹ́ Sky Blue lọ sí Chicago. Carli Lloyd kúrò ní Houston lọ sí Sky Blue. Christen Press kúrò ní Chicago lọ sí Houston. Ṣùgbọ́n Press kò lọ. Sweden ló kọrí sí, ó ń bá Göteborg gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ títí wọ́n fi gbé ẹ̀tọ́ orí rẹ̀ fún ẹgbẹ́ Utah láàárín ọdún yẹn. Ẹ wo àwọn alátìlẹyìn Houston bí wọ́n ṣe jókòó: wọ́n ti fa Lloyd, ẹni tó ti gba ife àgbáyé, lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, èyí tí wọ́n gbà dípò kò sì dé ọ̀dọ̀ wọn. Láti ọjọ́ náà, nínú líìgì yẹn, kò sẹ́ni tó tún gba ìkéde gbọ́ bí kò bá tí ì rí agbábọ́ọ̀lù nínú aṣọ ẹgbẹ́. Ọdún 2024 ni àdéhùn tuntun tó fòpin sí pàṣípààrọ̀ láìgba àṣẹ agbábọ́ọ̀lù.

Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, Jean-Michel Aulas, ààrẹ ẹgbẹ́ Lyon ní Faransé nígbà náà, ti fi hàn pé àhesọ lè ti ẹnu ọ̀gá ẹgbẹ́ gan-an jáde. Bí ọdún 2016 ṣe ń parí lọ, ó bọ́ sórí Twitter, ó ń wá Alex Morgan, ìràwọ̀ Amẹ́ríkà, sí ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ẹni tó yẹ kó máa sọ pé òun ò mọ nǹkan kan ló ń pariwo. Morgan dé ní oṣù Kìíní ọdún 2017, ó lo oṣù mẹ́fà, ife mẹ́ta ló bá wọn gbà. Ẹyin lọ̀rọ̀, wọ́n ní bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ti Aulas balẹ̀, kò fọ́, ó pa. Láti ìgbà náà ni olólùfẹ́ ti ń wo gbogbo ohun tí ọ̀gá ẹgbẹ́ bá kọ bí ẹni ń wo àwòsánmà.

Lẹ́yìn ẹnu ni ìwé tó dé. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2018, FIFA sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo obìnrin tó ń fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ ṣe, tó bá ń kọjá láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, gba inú ètò orí kọ̀ǹpútà kan náà tí àwọn ọkùnrin ń gbà. Ìkọjá tí wọ́n kà lọ́dún náà kò tó 700. Nígbà tó máa fi di ọdún 2024, ó ti di 2,284, owó tí wọ́n sì ná lé ní mílíọ̀nù 15 dọ́là. Ọdún 2018 yẹn náà ni WSL, líìgì àwọn obìnrin tó ga jù ní England, di ti àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun pátápátá. Wàyí o, ilẹ̀kùn ti ní ọjọ́ tí wọ́n máa tì í, ẹni tó ń dúró sì ti mọ wákàtí tí òun yóò dúró dà. Sam Kerr lọ sí Chelsea ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Rose Lavelle àti Sam Mewis wọ Manchester City, Tobin Heath àti Press wọ Manchester United, Morgan wọ Tottenham.

Síbẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ kì í sábà kéde iye owó, akọ̀ròyìn tó ń tọpa ọ̀rọ̀ yìí kò sì pọ̀. Àwọn olólùfẹ́ ló di akọ̀ròyìn fúnra wọn. Wọ́n ń ṣọ́ ẹni tí agbábọ́ọ̀lù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀ lé lórí Instagram, ẹni tó yọ orúkọ ẹgbẹ́ kúrò lábẹ́ àwòrán rẹ̀, ẹni tí kò sí nínú fọ́tò ìdánrawò, ẹni tó pẹ́ jù lórí pápá tó ń juwọ́ sí èrò lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kẹ́yìn sáà. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ohun tó sì mú kí àhesọ tiwọn yàtọ̀ sí ti àwọn ọkùnrin ni pé àdéhùn àwọn obìnrin sábà máa ń kúrú, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń lọ lọ́fẹ̀ẹ́ bó bá ti tán. Lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin, ìbéèrè ni pé èló? Lọ́dọ̀ àwọn obìnrin, ó ti pẹ́ tí ìbéèrè ti jẹ́ pé: ṣé ó ti tọwọ́ bọ̀wé? Bí oṣù Kẹta bá kọjá tí ẹgbẹ́ kò wí nǹkan kan, ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni àhesọ.

Ọ̀nà kan tún wà tí wọ́n ń gbà wádìí, èyí tí n kò fẹ́ràn: wọ́n ń tẹ̀ lé ìfẹ́. Pernille Harder kúrò ní Wolfsburg lọ sí Chelsea ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, owó rẹ̀ ló sì kọjá ti Domingues níkẹyìn. Ẹni tí wọ́n jọ ń fẹ́ra, Magdalena Eriksson, ti wà ní Chelsea ṣáájú. Nígbà tó di ọdún 2023, àwọn méjèèjì jọ lọ sí Bayern ni. Lẹ́yìn náà ni Kristie Mewis, ẹni tí òun àti Sam Kerr jọ ń fẹ́ra, dé West Ham ní London, ìlú tí Kerr wà. Láti ìgbà náà, bí agbábọ́ọ̀lù bá ti ní ẹni tó ń fẹ́ ní ẹgbẹ́ mìíràn, wọ́n ti kó o lọ sọ́hùn-ún. Lóòótọ́, ìṣirò wọn máa ń jáde nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ilé ẹni ni wọ́n ń yọjú wò yẹn.

Nínú oṣù Keje ọdún 2022, England gba ife ilẹ̀ Yúróòpù ní Wembley. Keira Walsh ló ta bọ́ọ̀lù gígùn tí Ella Toone fi kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé. Ní oṣù Kẹsàn-án, Barcelona ra Walsh lọ́wọ́ Manchester City, wọ́n ròyìn 400,000 pọ́ùn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kò jọ ohun tí mo mọ̀ níbòmíràn nínú bọ́ọ̀lù: àwọn alátìlẹyìn ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ kò kàn rárá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Wọ́n ń fi iye owó náà ṣe ẹ̀rí pé bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin ti níye lórí. Àní nínú àwọn tí wọ́n ta á, a rí ẹni tó ń sọ pé ó dun òun, ṣùgbọ́n ó dára.

Ayọ̀ yẹn kò pẹ́. Kó tó di pé ọdún 2022 parí, iṣan orúnkún Beth Mead àti Vivianne Miedema já, Arsenal tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù fún kò sì ní ẹni tí yóò gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Gbogbo ẹni tó mọ̀wé kà mọ̀ pé wọ́n á wá ọjà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, wọ́n kan ilẹ̀kùn Manchester United nítorí Alessia Russo, lẹ́ẹ̀mejì, owó tí wọ́n ròyìn pé wọ́n fi lọ̀ wọ́n sì ju ti Walsh lọ. United kọ̀. Àdéhùn Russo ku oṣù mélòó kan péré kó tán. Ohùn àwọn alátìlẹyìn United pín sí méjì: àwọn kan ní ẹni tó ń lé ife líìgì kì í ta ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n fún alábàádíje, àwọn mìíràn ní owó tó bá bọ́ lọ́wọ́ lónìí, kò ní padà wá lọ́la. Tèmi ni pé ti àkọ́kọ́ ló tọ̀nà, bí ìṣirò tilẹ̀ já sí ti èkejì. United parí sí ipò kejì, àmì ayò méjì péré ni Chelsea fi jù wọ́n lọ. Ní oṣù Keje, Russo wọ Arsenal lọ́fẹ̀ẹ́, kọ́bọ̀ kò wọ àpò United.

Àwọn tó yọ̀ fún Walsh lọ́dún tó ṣáájú kò rántí yọ̀ mọ́. Wọ́n ń pe ara wọn lólè, wọ́n ń pe ara wọn lọ́dàlẹ̀. Bọ́ọ̀lù gidi ti dé.

Lẹ́yìn ìyẹn, iye owó ń fò bí tata. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, Bay FC ní Amẹ́ríkà ra Racheal Kundananji, ọmọ Sáńbíà, láti Madrid CFF ní owó tó lé ní 700,000 dọ́là. Kò tí ì sí obìnrin tí wọ́n san tó bẹ́ẹ̀ lé lórí, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó gba irú ipò yẹn lágbàáyé. Ayọ̀ àtijọ́ yẹn padà fún ọjọ́ díẹ̀. Ọdún 2025 ni mílíọ̀nù wọlé: Chelsea san mílíọ̀nù 1.1 dọ́là lórí Naomi Girma, Arsenal san mílíọ̀nù kan pọ́ùn lórí Olivia Smith, Orlando Pride san mílíọ̀nù 1.5 dọ́là lórí Lizbeth Ovalle. Nígbà tó máa fi kan Ovalle, ìbéèrè tí mo ń gbọ́ ni pé ṣé ó tó bẹ́ẹ̀ ni.

Walsh náà tún padà wọ ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, wọ́n ròyìn pé Arsenal fi owó lọ Barcelona nítorí rẹ̀, Barcelona sì kọ̀. Àwọn alátìlẹyìn Arsenal ní kò burú, oṣù Kìíní ń bọ̀. Ẹ̀rí wọn ti pé: Leah Williamson, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, wà ní Arsenal; àdéhùn rẹ̀ ń tán lọ; ó fẹ́ padà sílé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́ títí di ìparí oṣù Kìíní ọdún 2025. Ó padà sílé lóòótọ́. Chelsea ló wọ̀.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, Arsenal tí kò rí Walsh rà na Barcelona tí kò tà á fún wọn ní 1-0 ní Lisbon, wọ́n gba ife Yúróòpù ti àwọn ẹgbẹ́. Chelsea tí Walsh wọ̀ ti gba líìgì láìpàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kankan. Olúkúlùkù wọn ló sì ń sọ pé òun ló jàǹfààní kárà-kátà yẹn.