Kí ni ìṣáná mọ̀ nípa òdòdó ọsàn?

Ẹnìkan tún gbé ìgò oyin wá bá mi, èmi tí mo ń yẹ oyin wò láti mọ òdòdó tó ti wá. Ó ní òun ti ki ìṣáná bọ inú rẹ̀, òun ṣá a, ó sì tàn, nítorí náà kí n ṣáà bá òun kọ ọ́ sínú ìwé pé oyin ọsàn ni. Mo bi í pé kí ni ìṣáná mọ̀ nípa ọsàn. Ó ní àgbà oníṣòwò oyin kan ló kọ́ òun. Àwọn àgbà oníṣòwò yìí ni kò jẹ́ ká rímú mí.

Ìṣáná, èèrà tí kò sún mọ́ ọn, oyin tó rì sínú omi láìtú ká, èyí tó dúró lórí àtàǹpàkò tí kò ṣàn dànù: kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè fi dá yín lójú pé ojúlówó ni, áńbọ̀sìbọ́sí kó dárúkọ igi tí kòkòrò oyin bà lé. Bí oyin ṣe ki tàbí bó ṣe ṣàn sí ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ. Ó tán.

Lẹ́búlẹ́bú òdòdó, ìyẹ̀fun inú òdòdó tí òyìnbó ń pè ní pollen, tó máa ń bá omi dídùn òdòdó wọ inú oyin, ni ẹlẹ́rìí tèmi. Oyin gíráàmù 10 ni mo máa ń pò mọ́ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí kò gbóná ju 40°C lọ. Màá gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń yí bírí-bírí títí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ á fi silẹ̀, màá wá fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn sábẹ́ maikirosikóòpù. Lẹ́búlẹ́bú sunflower á hu ẹ̀gún yíká ara. Ti Eucalyptus á yọ igun mẹ́ta. Ti koríko á rí roboto, ihò kan ṣoṣo ló máa wà lára rẹ̀. Màá kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán 300. Ẹni tí kò bá ní sùúrù láti kà á, kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Kíkà ọ̀hún kọ́ ni ìṣòro o. Ibi tí àwọn tó fi ojú ba iṣẹ́ yìí díẹ̀ ti ń ṣìnà rèé, ẹ fara balẹ̀. Wọ́n á ní lẹ́búlẹ́bú tó bá ti lé ní 45 nínú ọgọ́rùn-ún, òun ló ni oyin. Ta ló sọ fún wọn? Lẹ́búlẹ́bú igi chestnut kéré jọjọ, ó sì pọ̀ yamùrá. Ó lè kó 60 nínú ọgọ́rùn-ún kó jẹ́ pé igi mìíràn ló pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú omi dídùn tó di oyin. Kó tó lè jẹ́ oyin chestnut lójú tèmi, àfi kó súnmọ́ 90 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Ọsàn ní tirẹ̀ kì í ní lẹ́búlẹ́bú púpọ̀, àwọn irú ọsàn kan ò tilẹ̀ ní èyí tó yè, nítorí náà 10 sí 20 lè tó láti pe oyin ní oyin ọsàn. Kòkòrò oyin fúnra rẹ̀ tún ń da ìṣirò rú: asẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tó ń sẹ́ omi òdòdó bó ti ń gbé e bọ̀ wálé, èyí tó tóbi nínú lẹ́búlẹ́bú ni asẹ́ náà sì máa ń mú jù, kékeré á yọ́ kọjá. Ẹni tó bá ka iye láìro ti asẹ́ yìí mọ́ ọn, irọ́ ló ń kà.

Àgbàdo ńkọ́? Òdòdó àgbàdo kì í ní omi dídùn rárá. Kòkòrò oyin a máa kó lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ fún oúnjẹ ọmọ, ìyẹn la fi ń rí i nínú oyin, a ó sì yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò. Bí ẹ bá rí "oyin àgbàdo" lára ìgò, ẹ mọ irú ẹni tó kọ ọ́.

Lẹ́búlẹ́bú nìkan kò sì lè dá ẹjọ́ gbogbo. Ti mānuka àti kānuka, igi méjì tó wà ní New Zealand, jọra débi pé maikirosikóòpù ò lè yà wọ́n, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé láti ọdún 2018 ni ìjọba New Zealand ti ń béèrè èròjà mẹ́rin àti DNA kí wọ́n tó gbà pé mānuka ni oyin tó ń jáde nílùú wọn. Ahọ́n, imú àti àwọ̀ náà wúlò, bó bá jẹ́ ahọ́n tó ti kọ́ṣẹ́. Àmọ́ àwọn tó ń gbé oyin kaná, tí wọ́n á tún fi asẹ́ kíkúnná sẹ́ ẹ títí á fi mọ́ gaara, wọ́n ti pa ẹlẹ́rìí kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni oyin Rhododendron tí wọ́n ń tà fún àwọn ọkùnrin pé ó ń fúnni lágbára. Májèlé wà nínú omi òdòdó àwọn kan nínú igi yìí, grayanotoxin lorúkọ rẹ̀. Xenophon, ọmọ ogun Gíríìkì tó tún jẹ́ òǹkọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní nǹkan bí ọdún 400 ṣáájú ìbí Kristi, àwọn ọmọ ogun òun jẹ afárá oyin nítòsí ibi tí wọ́n ń pè ní Trabzon lónìí, ní Tọ́kì. Wọ́n bì, wọ́n ṣu, kò sí ẹni tó lè nàró nínú wọn. Àwọn yẹn padà gbádùn. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ ogun Pompey, ọ̀gágun Róòmù, jẹ irú oyin yìí ní agbègbè ọ̀hún kan náà, orí wọn ṣì ń dàrú lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀tá já lù wọ́n, tí wọ́n sì pa wọ́n. Ohun tí wọ́n ń pè ní agbára nìyẹn! Ọkàn á máa lù fàà, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀. Ẹ wá ro ti ẹni tó ti ń lo oògùn ìfúnpá tẹ́lẹ̀.

Lẹ́búlẹ́bú Rhododendron kì í dá rìn: mẹ́rin mẹ́rin ló máa ń lẹ̀ mọ́ra, pẹ̀lú okùn tín-ín-rín tó so wọ́n kọ́ra. Ti heather náà máa ń jẹ́ mẹ́rin, ṣùgbọ́n kì í ní okùn. Mo ti lè dá a mọ̀ kí kọfí mi tó tutù.

Ẹni tó bá ti lá irú oyin bẹ́ẹ̀, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí òógùn tútù bò ó, kó má wá sọ́dọ̀ mi o, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ. Kó sọ fún dókítà pé oyin lòun jẹ, kó sì gbé ìgò rẹ̀ dání. Bí ó bá ṣẹ́ kù síbí kan nínú rẹ̀, ìyẹn ni kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, láìgbé e kaná.