RPG aláwòrán àtijọ́: ta ló bá mu?

RPG ni géèmù tí ẹni tó ń fi í ṣeré ti máa ń di ẹ̀dá inú ìtàn: ó ń rìn láti ìlú dé ìlú, ó ń bá ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń ra idà, ó ń bá iwin jà, agbára rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Ní Japan, Dragon Quest jáde lọ́dún 1986, Final Fantasy tẹ̀ lé e ní 1987. Odindi Dragon Quest yẹn ò ju kílóbáìtì 64 lọ. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ẹ bá fi fóònù yà lọ́jọ́ ọdún Ọ̀ṣun tóbi jù ú lọ fíìfíì.

Èyí tí wọ́n ń pè ní retro ni tuntun tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bíi ti ìgbà náà, irú Octopath Traveler (2018) àti Sea of Stars (2023). Àwòrán ló kọ́kọ́ ń fa ojú, ṣùgbọ́n ìjà inú rẹ̀ ló máa sọ bóyá ẹ máa gbádùn rẹ̀.

Ẹ ń lọ nínú igbó jẹ́ẹ́jẹ́, lójijì ojú ẹ̀rọ yí padà: iwin mẹ́ta lápá kan, àwọn èèyàn yín lódìkejì. Àpótí kékeré kan yọ nísàlẹ̀: kọlù ú, pidán, lo oògùn, sá lọ. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, bí ẹ bá fẹ́, ẹ lọ mu omi kẹ́ ẹ tó yan ọ̀kan. Àwọn iwin á dúró dè yín. Bí ayò ọlọ́pọ́n ló rí: ó kàn mí, ó kàn ẹ́.

Ọmọ tí bọ́ọ̀lù orí PlayStation ti mọ́ lára á ní géèmù yìí ń sùn. Kò jẹ̀bi. Ilé géèmù l'Ókè-Fìà, ní Òṣogbo, náà ò bá a mu: níbi tí wọ́n ti ń sanwó ìdíje kọ̀ọ̀kan, ta ló fẹ́ sanwó ìtàn tó lè gba ọgbọ̀n wákàtí? Ẹni tó bá mu jù lójú tèmi ni ẹni tó ń jókòó ti ṣọ́ọ̀bù, télọ̀ tàbí oní-POS ní Olú-Òde. Oníbàárà dé, ó gbé fóònù kalẹ̀, nǹkan kan ò bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí géèmù náà ti ń jẹ́ kéèyàn fi eré pamọ́ (save), kó lè padà bẹ̀rẹ̀ níbi tó bá a dé. Dragon Quest àkọ́kọ́ ní Japan kì í fi nǹkan pamọ́ rárá. Ọ̀rọ̀ aṣínà gígùn ló ń fúnni, kéèyàn kọ ọ́ sínú ìwé, kó sì tún un tẹ̀ nígbà tó bá padà dé. Lóde òní pàápàá, àwọn kan ṣì ní ibi pàtó tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ dé kó tó pamọ́. Lórí tẹlifíṣọ̀n tí kò ní ínfẹ́tà, kí NEPA mú iná lọ lẹ́yìn ìjà ńlá, iṣẹ́ wákàtí méjì wọgbó.

Grinding tún wà: kéèyàn máa bá iwin kéékèèké kan náà jà léraléra kí agbára rẹ̀ lè tó ti ọ̀gá tó dínà. Nígbà tí àyè inú ẹ̀rọ ò tó fún ìtàn púpọ̀, ọ̀nà tí wọ́n fi ń mú géèmù gùn nìyẹn. Àwọn kan ń fi sinmi. Èmi ò rí ìsinmi kankan ńbẹ̀, mo sì ka àpọ̀jù rẹ̀ nínú géèmù tuntun sí ọ̀lẹ ẹni tó ṣe é.

Fún ọmọ kékeré tí kò tíì lè ka Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, àfi kẹ́ ẹ jókòó tì í, nítorí ọ̀rọ̀ kíkà pọ̀ níbẹ̀.

Octopath Traveler ní èyí tí wọ́n fi ń tọ́ ọ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá rí irú ẹ̀, ẹ fi ìyẹn ṣeré ná. Bí ìjà kẹwàá bá ti ń sú yín, ẹ má rà á, ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú ẹ̀ ló kù níwájú.