Bí Ètò Eré Ìdárayá Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Lára Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì

Ìgbà tí èèyàn ń sáré tàbí tó ń gbé irin kọ́ ni ara ń lágbára sí i. Àárẹ̀ ló ń kó jọ nígbà náà. Ẹ̀yìn tó bá ti jẹun, tó sinmi, tó sì sùn ni ara ń tún iṣan ṣe, tí á wá fi díẹ̀ lé agbára ti tẹ́lẹ̀. Orí èyí ni gbogbo ètò eré ìdárayá dúró lé.

Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe eré ìdárayá tó mọ níwọ̀n, tàbí 75 sí 150 fún èyí tó le, kó sì fi ó kéré tán ọjọ́ méjì ṣe èyí tó ń fún iṣan lókun. Èyí tó mọ níwọ̀n kò ṣòro dá mọ̀: ẹni tó ń ṣe é ṣì lè sọ̀rọ̀, àmọ́ kò lè kọrin.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ á rí i láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan pé irin tó ń dà á láàmú ti fúyẹ́, bẹ́ẹ̀ apá rẹ̀ kò tíì tóbi. Ọpọlọ ló kọ́kọ́ ń mọ bí á ṣe pe iṣan púpọ̀ sí iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Títóbi iṣan ń bọ̀ lẹ́yìn. Tí iṣẹ́ kò bá sì pọ̀ sí i, ara á dúró sójú kan. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń ṣe push-up mẹ́jọ-mẹ́jọ fi ní láti sún un dé mẹ́wàá tó bá yá. Ara ríro tó ń tẹ̀ lé e máa ń le jù láàárín ọjọ́ kìíní sí ìkẹta, á sì lọ fúnra rẹ̀. Oríkèé tó ń gúnni lójú eré ló yẹ kó mú èèyàn dúró.

Àsìkò ìdánwò ni ètò akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń dà rú. Ẹni tó pa gbogbo rẹ̀ tì, láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì ni èémí rẹ̀ á ti máa kúrú. Agbára iṣan ń pẹ́ díẹ̀ sí i. Ó dùn mọ́ni pé iṣẹ́ tí a fi ń di agbára mú kò tó èyí tí a fi wá a rárá. Ẹni tó ń ṣe é lọ́jọ́ mẹ́rin lè dín in kù sí méjì, bí irin tó ń gbé kò bá ṣáà ti fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀. Oorun ni kó má gé. Ẹni tó kàwé mọ́jú, ìrìn ni kó rìn lọ́jọ́ náà, kó fi irin sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.