Igi Tí Ẹ̀rọ Lè Gé, Èyí Tí Kò Lè Gé

Ní Finland àti Sweden, ó ti pẹ́ tí agégi ti fi ìdúró sílẹ̀. Inú ọkọ̀ ló ń jókòó sí. Ọkọ̀ náà ní apá gígùn bíi ti katapílà, ọwọ́ irin tó ń gé igi sì wà ní ṣóńṣó apá yẹn. Ọwọ́ yìí á gbá igi mú nídìí, ayùn inú rẹ̀ á gé e, á dà á dùbúlẹ̀. Rọ́là onírin á wá máa fà á kọjá, ọ̀bẹ tó yí i ká á sì máa ré ẹ̀ka rẹ̀ dànù. Bí igi ṣe ń kọjá ni kọ̀ǹpútà ń wọn gígùn àti títóbi rẹ̀, òun náà ló ń sọ ibi tó yẹ kí wọ́n ti gé e kí owó rẹ̀ lè pọ̀. Igi kan kì í sábà gbà tó ìṣẹ́jú kan. Ọkọ̀ kejì á tẹ̀ lé e, á kó igi jáde lọ sí ẹ̀bá títì. Ní Sweden, wọ́n ti ń dán ọkọ̀ kejì yìí wò láìsí awakọ̀ nínú rẹ̀. Ní orí òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ New Zealand, wọ́n ń fi wáyà di ẹ̀rọ agégi mú kó má baà yí dànù, ẹni tó ń darí rẹ̀ sì lè dúró lókèèrè.

Kì í ṣe nítorí owó nìkan. Iṣẹ́ igi gígé wà lára iṣẹ́ tó ń pa ènìyàn jù. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2022, nǹkan bíi 100 ló kú nínú 100,000 òṣìṣẹ́ gẹdú, nígbà tí ìpíndọ́gba gbogbo iṣẹ́ lápapọ̀ kò tó 4. Ẹni tó wà nínú ilé irin, ẹ̀ka kò lè já lé e lórí bọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí ní ohun tó ń béèrè: kí igi jọra. Ọ̀pọ̀ igi tí wọ́n ń gé ní Finland nàró ṣánṣán, kò sì tóbi púpọ̀. Igbó tí gẹdú Èkó ti ń wá kò rí bẹ́ẹ̀. Láti Ògùn, Oǹdó, Ẹdó àti Delta ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá, ìrókò, ọ̀gànwó, àfàrà, arère àti òpepe sì lè wà nínú igbó kan náà láìbára dọ́gba. Ọwọ́ irin wo ló fẹ́ gbá ìdí àràbà mú, tí gbòǹgbò rẹ̀ yọ síta ga ju ènìyàn lọ?

Nítorí náà, ṣénsọ́ọ̀ ni wọ́n ń lò. Agégẹdú á kọ́kọ́ gé ẹnu sí igi lára níhà ibi tó fẹ́ kó wó sí. Á wá bọ́ sẹ́yìn, á máa gé e bọ̀ láti ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí ayùn dé ẹnu yẹn. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù láàárín láìgé ló máa darí igi bó ṣe ń wó. Tó bá gé e já, igi lè yí padà sí ibi tó wù ú. Ojú ló fi ń mọ ibi tí ẹ̀ka ti wúwo sí, á sì gbá ara igi láti gbọ́ bóyá inú rẹ̀ ti jẹrà.

Bí ẹ̀rọ onímọ́tò bẹ́ẹ̀ bá máa wọ igbó wa, oko mẹ̀línà àti tíìkì ló máa kọ́kọ́ wọ̀, irú èyí tí ìjọba gbìn sínú igbó Ọmọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, nítorí orí ìlà ni wọ́n gbìn wọ́n sí. Síbẹ̀, ẹ̀rọ olówó gọbọi kì í pa owó rẹ̀ bí kò bá ríṣẹ́ ṣe jálẹ̀ ọdún, owó iṣẹ́ ọlọ́wọ́ sì ṣì kéré níbí. Ohun tó ń lé agégẹdú níwájú báyìí kì í ṣe rọ́bọ́ọ̀tì. Igi ńlá ló ń tán.

Ní sọ́ọ̀mìlì, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni gẹdú fi ń bá omi ọ̀sà wá sí Òkobàbá ní Èbúté Mẹ́ta, kí ìjọba ìpínlẹ̀ tó ní kí wọ́n máa kó lọ sí Àgbówá. Ẹni tó ń darí báńsọ́ọ̀, ìyẹn ayùn ńlá tó ń la gẹdú sí pákó ní sọ́ọ̀mìlì, á yí gẹdú wò, á pinnu iye pákó tó lè yọ nínú rẹ̀, á sì gbé e sábẹ́ ayùn. Ní ilẹ̀ òkèèrè, kámẹ́rà àti léésà ló ń ṣe ìpinnu yẹn. Ojú ìwòye mi ni pé ẹ̀rọ lè tètè gba iṣẹ́ ẹni yìí ju ti agégẹdú lọ, nítorí inú ilé ló wà, níbi tí kò sí òjò, tí gẹdú ń tọ̀ ọ́ wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ń dáàbò bò ó báyìí ni iná tí kò dúró.

Ẹni tí ẹ̀rọ máa pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹni tó ń gé igi láàárín ìlú. Ẹ wo igi máńgòrò kan nínú ọgbà ilé ní Yábà tàbí Sùúrùlérè: òrùlé wà lápá kan, fẹ́ǹsì aládùúgbò wà lápá kejì, wáyà iná gba àárín ẹ̀ka kọjá. Ìwé àṣẹ ló kọ́kọ́ yẹ kí onílé gbà lọ́dọ̀ LASPARK, ìyẹn àjọ tó ń rí sí ọgbà àti igi ní Èkó, bí igi tilẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, igi yìí kò ní wó rárá. Láti òkè ni wọ́n ti máa gé e wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Agùngi á so okùn mọ́ ìbàdí, á so okùn mìíràn mọ́ ẹ̀ka tó fẹ́ gé, á gbé okùn náà gba orí pàlàkà tó lágbára. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ á di ìdí okùn mú. Bí ẹ̀ka bá ti já, wọ́n á máa tú u sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí yóò fi kanlẹ̀. Ó yẹ kí ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná pa iná kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, àmọ́ àwọn mìíràn ń dúró de ìgbà tí iná bá lọ fúnra rẹ̀. Ìwà ikú nìyẹn, torí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọ́n máa mú un dé.

Igi ìlú kì í sábà dé sọ́ọ̀mìlì. Ìṣó tí wọ́n fi kan pátákó mọ́ ọn lára ti wọnú rẹ̀ lọ, ó sì lè ba ayùn jẹ́, nítorí náà àwọn tó ń fi igi dáná ló ń kó o. Ọkọ̀ kan wà ní òkè òkun tó lè na apá lé orí òrùlé, kó di igi mú lókè, kó sì gé e láìsí ẹni tó gùn ún. Ṣùgbọ́n ó nílò ilẹ̀ tó le àti àyè láti na ẹsẹ̀ rẹ̀ síta, tọ̀tún tòsì. Ní àdúgbò tí mọ́tò tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tí síláàbù gọ́tà kò lè gbé tírélà, ẹnu títì ńlá ló máa dúró sí.