Ẹ fi korobá omi sílẹ̀, ẹ ń wá bùláńkẹ́ẹ̀tì kiri

Ó ti tún bẹ̀rẹ̀. Ojúmọ́ ń pẹ́ kó tó mọ́, ilẹ̀ ń tètè ṣú, fóònù mi ò sì sinmi mọ́. Ẹnì kan náà ló máa pè mí láàárọ̀ pé "Dókítà, ẹ bá mi dúpẹ́ o, eṣinṣin ti lọ, ojú ẹṣin mi ò ṣomi mọ́, kò fi ara ha igi mọ́," tó bá di alẹ́ á tún fi ohùn ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ pè mí pé òtútù ti dé, ẹrẹ̀ ti mu òun dé kókósẹ̀, òun ò ní ráàyè gun ẹṣin títí ọjọ́ á tún fi gùn padà, kí lòun máa ṣe báyìí. Mi ò dá a lẹ́bi. Èmi náà fẹ́ràn ìgbà òtútù, mo sì kórìíra ẹ̀. Mo fẹ́ràn ẹ̀ torí àwọn kòkòrò wínníwínní tó ń jẹ ẹṣin lára, tí ẹṣin fi ń ha irun ọrùn ẹ̀ dànù, ti kú, mo sì fẹ́ràn bí àgbà ẹṣin ọlọ́dún 20 ṣe máa ń fò sókè sódò bí ọmọ àná lọ́jọ́ tí snow bá kọ́kọ́ bọ́. Mo kórìíra ẹ̀ torí aago méjì òru ni wọ́n máa ń pè mí, ọwọ́ mi á sì ti kú kí n tó rí iṣan tí mo fẹ́ gún lábẹ́rẹ́.

Ohun tó ń bí mi nínú ni ìbéèrè yín. Tí èèyàn mẹ́wàá bá pè mí nígbà báyìí, mẹ́sàn-án ló máa bi mí pé "Dókítà, bùláńkẹ́ẹ̀tì wo ni kí n rà fún un?" Ẹnì kẹwàá á bi mí pé ṣé kóun ra méjì. Kò sẹ́ni tó ń bi mí nípa omi. Ẹ̀tẹ̀ lẹ fi sílẹ̀ tẹ́ ẹ ń pa làpálàpá.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ti bùláńkẹ́ẹ̀tì ká lè kúrò níbẹ̀. Irun òtútù tó ń hù lára ẹṣin, kì í ṣe òtútù ló ń hù ú o, ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ni. Bí ọjọ́ bá ṣe ń kúrú sí i, nígbà tí ẹ̀yin ṣì ń làágùn, ara tiẹ̀ ti ń múra sílẹ̀. Torí náà, ẹni tó bá wo bí irun ẹṣin ṣe nípọn tó wá ń sọ pé òtútù ọdún yìí máa burú, ẹ má dá a lóhùn, ẹṣin kì í ṣe babaláwo. Tí òtútù bá wá mú, irun yẹn á dìde dúró, á há afẹ́fẹ́ mọ́ ara, afẹ́fẹ́ tó há yẹn ni ò jẹ́ kí ooru ara ẹ̀ sá lọ. Ẹ wá gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ lé e lórí, ẹ tẹ irun náà mọ́lẹ̀, ẹ ti ba iṣẹ́ Ọlọ́run jẹ́, ẹ sì tún sanwó kẹ́ ẹ tó bà á jẹ́.

Ẹṣin tó lára, tí irun ẹ̀ ti hù tán, tí ara ẹ̀ gbẹ, tó sì ríbi sá sí tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, òtútù dígírì 8 sísàlẹ̀ òdo kò tíì fi bẹ́ẹ̀ ṣe é ní nǹkan kan. Èyí tí irun ìgbà ooru ṣì wà lára ẹ̀, láti nǹkan bíi dígírì 5 lókè òdo ni tiẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹṣin arúgbó, èyí tó rù, èyí tẹ́ ẹ fá irun ẹ̀ torí pé ẹ ń gùn ún lójoojúmọ́, èyí tí òjò pa tí afẹ́fẹ́ tún ń fẹ́ lù, àwọn yẹn ló nílò aṣọ. Tẹ́ ẹ bá sì wọ̀ ọ́ fún un, ẹ máa bọ́ ọ lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ fi ìka ka egungun ìhà ẹ̀. Mo ti ṣí bùláńkẹ́ẹ̀tì tó rẹwà gan-an rí, ẹṣin tó wà lábẹ́ ẹ̀ ti di àkàbà.

Iná tó ń yá ẹṣin látinú, koríko gbígbẹ ni. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú ìfun ńlá ẹ̀ ló ń fọ́ koríko yẹn, bí wọ́n ṣe ń fọ́ ọ ni ooru ń jáde, bí ìgbà tí ààtàn bá ń rú èéfín láàárọ̀ kùtù. Ọkà ò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ẹṣin tó wọn kílò 500, koríko gbígbẹ kílò 7 ààbọ̀ sí 10 lójúmọ́ ni, tí òtútù bá le ẹ fi kún un, kó má tán níwájú ẹ̀ mọ́jú. Ọ̀rọ̀ eyín, oògùn aràn, pátákò, ẹ ti mọ gbogbo ìyẹn, mi ò ní tún un sọ. Ẹ má ṣáà ti gbogbo fèrèsé ilé ẹṣin pa, eruku àti òórùn ìtọ̀ tó há mọ́lé ló sábà ń fún ẹṣin ní ikọ́, kì í ṣe òtútù. Tẹ́ ẹ bá wọlé láàárọ̀ tí imú ń ta ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn fẹ́ gbé korobá jáde, ẹṣin tó sùn síbẹ̀ mọ́jú ńkọ́?

Ó wá ku omi.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Koríko tútù tó ń jẹ ní pápá nígbà ooru, nínú kílò 10, kílò 7 sí 8 ló jẹ́ omi. Koríko gbígbẹ tẹ́ ẹ ń já lé e níwájú báyìí, nínú kílò 10, omi ibẹ̀ ò ju nǹkan bíi kílò kan sí kan ààbọ̀ lọ. Ìyẹn ni pé ọjọ́ tẹ́ ẹ mú un kúrò ní pápá, omi tó ń bá oúnjẹ wọlé tẹ́nikẹ́ni ò kà sí ti dúró, ó wá yẹ kó máa mu tinú korobá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìgbà yẹn gan-an sì ni omi korobá ń di yìnyín, tí kò ní wù ú mu. Ẹṣin kílò 500 tó ń jẹ koríko gbígbẹ, tí kò ṣiṣẹ́ kankan, nǹkan bíi líítà 25 sí 40 ló yẹ kó mu lójúmọ́. Ẹ lọ wo korobá yín.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ nínú? Ìfun ńlá ẹṣin fẹ̀ bí ẹnu garawa níbi kan, ó wá débì tó ti yí po padà, ó fún lójijì, kò ju bí ìkúùkù ọwọ́ àgbàlagbà lọ. Koríko tí omi ò rin tó débẹ̀, ó há. Èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn tún tì í mọ́ ọn. Ẹṣin ò sì lè bì, Ọlọ́run ò dá ọ̀nà yẹn mọ́ ọn, ohun tó bá ti wọlé, iwájú nìkan ló lè gbà. Inú tó dí báyìí ni mo ń pàdé láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí omi bá dì, ọdọọdún, ọdún 19 tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí kò yí padà.

Ìgbẹ́ ẹ̀ á sì ti sọ fún yín ṣáájú. Ẹṣin tó ń mu omi, ìgbẹ́ ẹ̀ á fọ́ díẹ̀ tó bá bọ́ sílẹ̀, á tutù lọ́wọ́ tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á sì yà á bí ìgbà 8 sí 12 lójúmọ́. Èyí tí ò mu tó, ìgbẹ́ ẹ̀ á kéré, á le bí òkúta wẹ́wẹ́, á máa dán torí ikun tó bò ó, iye ìgbà tó ń yà á á sì dín kù. Ẹ ká ètè ẹ̀ sókè, ẹ fi ìka kan erìgì ẹ̀, ó yẹ kó yọ̀ bí ọṣẹ tí omi kàn. Tí ìka yín bá ń lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ má dúró di ọ̀la.

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ gbé fún un, kì í ṣe gbígbóná, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti já koríko, torí ìgbà tó bá ń jẹun àti kété lẹ́yìn ẹ̀ ló ń mu omi jù. Ẹ fi iyọ̀ bíi ṣíbí ìjẹun méjì sí oúnjẹ ẹ̀ lójúmọ́, á mú òùngbẹ gbẹ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá fọ́ yìnyín, ẹ kó o jáde, ẹ má fi sílẹ̀ kó máa léfòó. Ẹ fi nǹkan kọ àmì líítà sára korobá kẹ́ ẹ lè mọ iye tó lọ, "ó dà bíi pé ó mu" kì í ṣe ìdáhùn tí mo fẹ́ gbọ́. Tẹ́ ẹ bá sì ń lo èyí tó ń fi iná mànàmáná mú omi gbóná, ẹ máa yẹ wáyà ẹ̀ wò. Ẹ̀gbọ́n kan fi ọjọ́ méjì sọ fún mi pé ẹṣin òun ya alágídí, kò fẹ́ mu omi, mo débẹ̀, eku ti jẹ wáyà, gbogbo ìgbà tí ẹṣin bá fi ètè kan omi ni iná ń ta á. Ta lalágídí nínú àwọn méjèèjì?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tún ń sọ pé snow wà nílẹ̀, á máa lá a, ẹ rọ snow kún korobá mẹ́wàá kẹ́ ẹ jẹ́ kó yọ́, bíi korobá omi kan lẹ máa rí, ara ẹ̀ á sì tún ná ooru kó tó yọ́ ọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń po èèpo àlìkámà mọ́ omi gbígbóná fún un lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ torí pé wọ́n ní ó ń fọ inú, kò fọ nǹkan kan, omi ibẹ̀ kéré, oúnjẹ tí ìfun ẹ̀ ò mọ̀ sì lè dá wàhálà tẹ́ ẹ ń sá fún sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fún ẹṣin ní ọtí líle kí ara ẹ̀ lè gbóná, mi ò mọ ohun tí mo máa bá yín sọ. Ọtí kì í mú ara gbóná, ṣe ló ń ṣí ojú iṣan awọ kí ooru tó kù lè rọ́nà sá jáde.

Àwọn elépo inú ìgò, àwọn tó ń da epo sí ẹṣin lẹ́nu kí inú ẹ̀ tó dí lè là, wá ni mo ní gbólóhùn asọ̀ pẹ̀lú.

Bàbá kan wà tó ní abo ẹṣin pupa ọlọ́dún 14, ẹsẹ̀ kan funfun. Ó ń fọ́ yìnyín láràárọ̀, ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n omi yẹn ń dì padà kí ọ̀sán tó pọ́n, kò sì padà lọ wò ó. Lọ́jọ́ kẹrin ẹṣin ò jẹun, ó ń wo ìhà ara ẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀. Dípò kó pè mí, ó pe ẹnì kan tí wọ́n ní ó mọ ẹṣin dáadáa, onítọ̀hún gbé epo dé. Wọ́n fi okùn fa orí ẹṣin sókè mọ́ igi àjà, wọ́n ti ọrùn ìgò bọ ẹ̀gbẹ́ ẹnu ẹ̀, wọ́n dà á. Ẹṣin ò jà, kò wúkọ́. Wọ́n ní ẹ ò rí i, ó ń gbé e mì.

Kò gbé e mì. Epo yẹn ò ta, kò korò, ọ̀fun ò ní tètè mọ̀ pé nǹkan ń gba ọ̀nà ibi tí ò yẹ, ó lè ṣàn wọ ẹ̀dọ̀fóró wẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwa fi ń ki rọ́bà láti imú lọ dé inú ikùn, tá a sì ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì pé kò wọ ọ̀nà èémí ká tó da ohunkóhun sí i. Ilé ìwé ti kọ́ mi, ó ṣì gbà mí lọ́dún mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn kí ọwọ́ mi tó balẹ̀ níbẹ̀, ẹnì kan á wá ra ìgò lọ́sàn-án, á di dókítà lálẹ́.

Ìgbà tí mo débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, imú ẹṣin ń dán. Mo fi etí ti àyà ẹ̀, ó ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń tẹ ewé gbígbẹ mọ́lẹ̀. Mo ki rọ́bà, mo da omi sí i ní líítà 6, ó tó wákàtí méjì mo tún da 6, èmi àti bàbá yẹn ò sùn. Lọ́jọ́ kẹta ó yàgbẹ́, bàbá bú sẹ́kún, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún mi, mo ní kó dìde. Inú ẹṣin náà ti là. Ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ ni kò là. Lọ́jọ́ karùn-ún mo fún un ní abẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn, bùláńkẹ́ẹ̀tì tuntun wà lára ẹ̀, olówó iyebíye, èyí tó nípọn jù. Bàbá fọwọ́ ara ẹ̀ tú u.

Ó ti ra ẹṣin míì báyìí. Ó fi ọ̀dà dúdú fa ilà sára korobá, aràárọ̀ ló ń fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, tàná jẹ́ líítà 31. Abẹ́ fọ́tò yẹn náà ló kọ ọ́ sí pé, "Dókítà, bùláńkẹ́ẹ̀tì wo ni kí n rà fún eléyìí?" Mi ò tíì dá a lóhùn.